Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Ọ̀nà Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí ó sì wọ Ìlọrin ní ọdún 1908, kò yà sí Ìlá Ọ̀ràngún. Ó gba Ìkìrun, ó gba Òkukù, ó sì kọjá lọ sí Ọ̀fà. Ìlá, ìlú aládé tí ìtàn kà mọ́ àwọn ìlú tí àwọn ọmọ Odùduwà tẹ̀ dó, bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà. Epo àti èkùrọ́ tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, àti kòkó nígbà tí kòkó dé, orí ènìyàn ni yóò gbé e lọ bá ọkọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Bí ọ̀ràn ti rí nìyí kí kẹ̀kẹ́ ológeere tó wọ agbègbè náà. Ẹni tí ó bá rò pé ohun ìgbádùn lásán ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀ kò tí ì mọ ohun tí ojú wọn rí lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, kẹ̀kẹ́, ti wà lẹ́nu Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dà. Àwọn ìyá tí ń ran òwú mọ kẹ̀kẹ́ òwú. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ń wá orúkọ tí wọn yóò pe ohun tí Fáráò gùn lépa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n mú. Nítorí náà, nígbà tí ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ń yọ̀ geere dé, kò sí ìṣòro: kẹ̀kẹ́ ológeere ni. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ṣì í pè: ilà ojú ni kẹ́kẹ́, ohùn ni ó yà wọ́n.)

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ̀kẹ́ ti rí ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí. John Kemp Starley ṣe èyí tí ó pè ní Rover ní ìlú Coventry ní ọdún 1885: ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ni ó sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran kan ní Belfast, fi táyà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ mú kí gbígùn rẹ̀ rọ ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1878, ṣáájú àwọn méjèèjì, ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ rin ìrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Harrogate. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí a máa ti ìlú ńlá jáde lọ sí ìgbèríko; wọn a ya àwòrán ọ̀nà, wọn a fi àmì sí ilé ìtura tí ó dára, wọn a sì kọ ìkìlọ̀ sí orí òkè tí ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ léwu. Ìgbafẹ́ ni wọ́n ń wá. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ wo igbó. Inú igbó ni wọ́n ti ń bọ̀.

Àwọn ajíhìnrere, akọ̀wé, wolé-wolé àti tíṣà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gùn ún, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Owó kòkó ni ó gbé e débẹ̀. Raleigh, Rudge àti Hercules di orúkọ tí ọmọdé mọ̀. Ẹni tí ó bá ra tirẹ̀ yóò san owó láísẹ́ǹsì, yóò sì so páànù kékeré mọ́ ọn kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba má baà dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà wo wá ni kẹ̀kẹ́ gbà? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ kò fẹ̀ ju kí ènìyàn kan tẹ̀ lé èkejì lọ. Ó máa ń lọ́, kì í sì í ṣe àìgbọ́n ni ó mú un lọ́: ó ń yẹ̀ fún àpáta, ó ń yẹ̀ fún àbàtà, ó ń yẹ̀ fún igbó tí a fi ṣe ti òrìṣà, ó sì ń ya sí abúlé tí omi mímu wà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè gba ibẹ̀. Àwọn tí ó la ọ̀nà ọkọ̀ ní láti wá ibòmíràn tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, wọ́n sì darí rẹ̀ sí ibi tí ìjọba àti ojú irin wà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò béèrè ju ibi tí táyà kan lè gbà lọ. Ohun tí ó tó ẹlẹ́sẹ̀ tó kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ohun tuntun yìí, dípò kí ó pa ọ̀nà àwọn baba run, ṣe ni ó tún un là.

Mú ọ̀nà Ìlá sí Òkè-Ìlá wò. Àwọn ìlú méjèèjì, tí ọba kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ Ọ̀ràngún, kò jìnnà sí ara wọn ju nǹkan bí kìlómítà 12 lọ, ṣùgbọ́n òkè àti àfonífojì ni ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò tì í gun òkè, yóò sì tún rọra dì í mú bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Ní odò tí afárá igi rẹ̀ ti já, yóò gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ó wá di pé kẹ̀kẹ́ ni ó ń gun ènìyàn. Síbẹ̀ ó yá ju ẹsẹ̀ lọ. Kò sí àwòrán ọ̀nà kankan lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Orúkọ odò, orúkọ igi ńlá àti orúkọ abà ni ìwé atọ́nà rẹ̀, ẹnu ni wọ́n sì fi ń kọ́ ara wọn.

Ẹrù tí aláàrù máa ń rù ní ayé ìjọba àmúnisìn kò ju nǹkan bí kílógíráàmù 27 lọ. Ẹni tí ó di ẹrù mọ́ kárìà kẹ̀kẹ́ dáadáa lè gbé ìlọ́po méjì rẹ̀, kí ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹmu ni ó fi èyí hàn jù lọ. Ẹmu tí a dá lówùúrọ̀ dùn. Bí yóò bá fi di alẹ́, ó ti kan. Adẹ́mu tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kò lè tà á kọjá abúlé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó so agbè mọ́ kẹ̀kẹ́ lè gbé e dé ọjà ìlú mìíràn kí oòrùn tó gun àtàrí. Àwọn òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà tí ń tàwìn kiri, tí wọn a sì lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè títí owó yóò fi jáde, mọ ìwúlò rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin ni kẹ̀kẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà sílẹ̀. Ọkùnrin ni ó ń gùn ún, èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo tí obìnrin fún ni ó sì ṣì ń gba orí obìnrin dé ọjà.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tí ń kọ ìtàn ọ̀nà kì í sábà mẹ́nu kàn. Láti ọdún 1900 ni ààlà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fà láàárín Àríwá àti Gúúsù ti gé ilẹ̀ Ìgbómìnà sí méjì: Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà bọ́ sí apá kan, Òmù-Àrán, Òró, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìsánlú-Ìsin bọ́ sí Ìlọrin. Òwò Ìlá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn lọ́dọ̀ ojú irin, owó orí ń lọ sí Ìbàdàn, àwọn ìbátan sì wà ní àríwá. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ Ọ̀rà wọlé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ ní Òmù-Àrán kò sì rí i gbà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ lọ sin òkú àna, tàbí tí ó fẹ́ lọ bá wọn ṣe ọdún egúngún, kẹ̀kẹ́ ni ó mú ọ̀nà náà kúrú fún un. Ààlà kò rí táyà méjì tí ó gba inú oko kọjá.

Ogun Àgbáyé Kejì fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tí Jàpáànì gba Màlàyá ní ọdún 1942, rọ́bà wọ́n ní gbogbo ayé, àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe sì di ẹni pàtàkì, nítorí túùbù tí a ti lẹ̀ nígbà mẹ́wàá ni a tún ń lẹ̀. Lẹ́yìn ogun ni ó tún gbilẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1975, nígbà tí owó Udoji wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ tíṣà fi tirẹ̀ ra alùpùpù. Ọ̀dà dé ojú ọ̀nà ńlá, ọkọ̀ pọ̀, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀dọ́mọkùnrin láti gun ohun tí baba rẹ̀ gùn.

Ọ̀kadà ni ó ń gba díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí lónìí. Àwọn ibi tí ó le fún un, igbó ti bò wọ́n. Orúkọ àwọn odò ibẹ̀ ku ẹnu àwọn arúgbó tí ó ti gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká la inú wọn kọjá, kò sì sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan tí ìjọba Ọ̀yọ́ ti ọdún 1976, tàbí ti Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé.