Alùpùpù Ọ̀dà àti Igbó

Kí ọdún 1968 tó dé, àwọn ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi alùpùpù wọ igbó sábà máa ń tú iná àti irin tó wúwo kúrò lára èyí tí wọ́n ń gùn lójú títì. Ọdún náà ni Yamaha gbé DT-1 jáde: ẹ́ńjìnnì kékeré onísílíńdà kan, ìsàlẹ̀ tó ga kúrò nílẹ̀, táyà eléyín, iná rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún títì. Ó tà wàrà-wàrà. Honda fi XL250 tẹ̀lé e ní 1972.

Aginjù ló wá dán wọn wò. Yamaha XT500 ni Cyril Neveu gùn borí nínú Paris-Dakar àkọ́kọ́, ìdíje tó la aginjù kọjá, ní 1979. BMW gbé R80 G/S dé ní 1980, ó lé ní 180 kílò. Ó dùn ún gùn lọ́nà jíjìn, àmọ́ tó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, ojú olówó rẹ̀ á rí nǹkan. Títí dòní, ẹni tí igbó bá ká lára ju ọ̀dà lọ, èyí tó fúyẹ́ ló yẹ ẹ́.