Oyún, Òjé àti Oògùn Oko: Láti Paris dé Manigri

Ní Bassila àti Manigri, ní ẹkùn Donga lórílẹ̀-èdè Benin, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bí ọmọ bá pẹ́ kó tó dé, ìyàwó ni wọ́n ń mú kiri: àgbo, àdúrà, ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń béèrè irú iṣẹ́ tí ìyàwó náà ń ṣe kò wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà ti lé ní àádọ́jọ ọdún nínú ìtàn ìṣègùn.

Orí òjé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1860, dókítà ọmọ Faransé kan ní Paris, Constantin Paul, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó ń fi òjé ṣiṣẹ́: oyún ń bàjẹ́ lára wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n sì bí kì í yè. Ní 1898, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé obìnrin kúrò nídìí iṣẹ́ òjé funfun tó léwu jù. ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, náà tẹ̀ lé e ní 1919 àti 1921. Obìnrin ni wọ́n lé. Òjé wà níbẹ̀. Ó di 1991 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó dá Johnson Controls, tó ń ṣe bátìrì, lẹ́bi pé ó lé gbogbo obìnrin tó ṣì lè bímọ kúrò nídìí iṣẹ́ òjé.

Ọkùnrin ńkọ́? Ní 1977, ní Lathrop ní California, àwọn ọkùnrin tó ń po DBCP, oògùn tí ń pa aràn inú ilẹ̀, ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i pé ìyàwó àwọn ò lóyún mọ́. Wọ́n yẹ àtọ̀ wọn wò: ti àwọn kan ti lọ sílẹ̀ gan-an, ti àwọn mìíràn kò ní ohunkóhun nínú. Láti 1961 ni àyẹ̀wò lára ẹranko ti fi hàn pé oògùn náà ń ba ẹpọ̀n jẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Obìnrin mélòó ni wọ́n ti pè ní àgàn láàárín ìgbà yẹn?

Ní Benin, òwú ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ oko. Kòkòrò òwú kò kú mọ́ fún oògùn àtijọ́, ni wọ́n bá mú endosulfan wá ní 1999. Májèlé rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹkùn Borgou lọ́dún yẹn. Ní 2011, Àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn kẹ́míkà olóró, pinnu láti fòpin sí i káàkiri ayé. Ikú a máa hàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n oyún tó wálẹ̀ ní oṣù kejì kì í wọ ìwé ẹnikẹ́ni.

Òfin iṣẹ́ Benin ti 1998 fún aláboyún tó ń gba owó oṣù ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ìyàwó àgbẹ̀ tó ń pọnmi tí wọ́n fi ń po oògùn, tó tún ń fọ aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi fọ́n ọn, kò sí nínú òfin náà. Àdéhùn ILO ti 2001 lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kí ìjọba bójú tó oyún, ọmú àti ìlera ìbímọ àwọn obìnrin oko. Ó yẹ kí àbójútó yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì aláboyún: ta ló ń po oògùn nílé yín, ta ló ń fọ aṣọ rẹ̀, oṣù wo ni wọ́n ń fọ́n ọn? Kí wọ́n sì bi ọkọ náà.