Ìtọ́jú Pàjáwìrì fún Ọgbẹ́ Ikùn àti Inú Rírun Òjijì

Bí ọ̀bẹ bá gún ẹnì kan níkùn tó sì há síbẹ̀, ẹ má ṣe fà á yọ. Òun gan-an lè máa dí ojú ẹ̀jẹ̀. Bí ìfun bá yọ síta, ẹ má ṣe tì í padà. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi tó mọ́ rin ni kí ẹ fi bò ó. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún, kí ẹ sì tètè wá ọkọ̀.

Bí inú rírun bá bẹ̀rẹ̀ lójijì láti ìdodo, tó wá lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, appendix lè ti wú. Àwọn ará ilé á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á fún un ní oògùn ìyàgbẹ́. Ìyẹn lè mú kó bẹ́! Ẹ má ṣe fún un ní àgbo, oúnjẹ tàbí omi pàápàá, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó, torí iṣẹ́ abẹ lè wà níwájú. Ẹ kàn fi aṣọ tó rin nu ètè rẹ̀.