Ta ni wọ́n gbà gbọ́ lórí yìnyín Kilimanjaro?

Níbí ní Ìkẹ́nnẹ́, kò sí òkè gíga tá a lè nawọ́ sí. Yìnyín tá a mọ̀ ò ju ti inú fìríìjì àti èyí tó máa ń bá òjò bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n Áfíríkà tiwa yìí náà ní òkè tí yìnyín wà lórí rẹ̀: Kilimanjaro, ní Tanzania. Ṣóńṣó rẹ̀ ga tó mítà 5,895, kò sì sí èyí tó ga jù ú lọ ní gbogbo Áfíríkà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1848, Johannes Rebmann, ọmọ Jámánì, rí ohun funfun kan lórí òkè náà. Míṣọ́nnárì C.M.S. ni, ẹgbẹ́ kan náà tó rán Àjàyí Crowther àti Townsend lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ó bi ẹni tó ń fọ̀nà hàn án léèrè; èsì tíyẹn fún un ò ju "òtútù" lọ. Ó tún gbọ́ lẹ́nu àwọn Chagga, tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè náà, pé ọba Machame kan ti rán èèyàn lọ wò ó rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló padà bọ̀, òtútù sì ti ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ìròyìn náà dé London. Kí ni wọ́n wí? Irọ́ ni! William Cooley, tí kò débẹ̀ rí, fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn rẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àmọ́ àwọn tó fojú bà á gan-an ni wọn ò gbà gbọ́. Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀: oníbàárà ń pariwo pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi."

Ní 1889, Hans Meyer àti Ludwig Purtscheller gun ṣóńṣó náà. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló bá wọn ru ẹrù, ṣùgbọ́n orúkọ ọba Jámánì, Kaiser Wilhelm, ni Meyer fún un. Nígbà tí Tanganyika gbòmìnira ní oṣù Kejìlá 1961, ọmọ ogun kan, Alexander Nyirenda, gbé ògùṣọ̀ àti àsíá lọ síbẹ̀. Ṣóńṣó náà wá di Uhuru, ìyẹn Òmìnira. Àwa ọmọ ìlú Awólọ́wọ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó.

Orúkọ ṣeé gbà padà. Yìnyín ńkọ́? Láti 1912, ó ju ìdá 80 nínú 100 yìnyín náà tó ti lọ. Tanzania sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè ní 1973, àmọ́ ọgbà ò lè dá ooru dúró. Tí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè bá tún sọ ohun tí ojú wọn rí, ẹ jẹ́ ká tètè gbà wọ́n gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí.