Òfin Inú Eré, Ìjà Inú Ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé eré kò ju eré lọ, àti pé ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ ìṣèlú wọ inú rẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ìtàn Dungeons & Dragons, eré kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣèlú ti wà nínú òfin eré náà kí ẹnikẹ́ni tó jókòó láti ṣe é.

Gary Gygax àti Dave Arneson ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ TSR, ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ènìyàn bíi márùn-ún yóò yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni adarí: òun ni ó ń pìtàn, òun ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀tá, òun náà ni onídàájọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó kù yóò dá ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn náà ń ṣe. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣírò agbára, ọgbọ́n àti ìfanimọ́ra rẹ̀. Dáìsì ni ó sì ń sọ bí ìgbìyànjú rẹ̀ yóò ti yọrí sí.

Inú nọ́ńbà wọ̀nyí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀. Ní 1976, àpilẹ̀kọ kan nínú The Dragon, ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́ náà, dábàá òfin ọ̀tọ̀ fún ẹ̀dá-ìtàn obìnrin, ó sì fi ẹwà rọ́pò ìfanimọ́ra. Ní 1978, Players Handbook fi ààlà sí agbára obìnrin. Jagunjagun tí agbára rẹ̀ bá dé 18 yóò tún ju dáìsì láti mọ ìdá tirẹ̀ nínú 100: láàárín àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí ó jẹ́ ènìyàn, ọkùnrin lè dé 100, obìnrin kò gbọdọ̀ kọjá 50. Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn òfin yìí ní bí ara ènìyàn ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, iná ń jáde ní ọwọ́ oṣó, kò sì jó o. Ẹni tí ó lè gba èyí gbọ́, tí kò lè gba obìnrin alágbára gbọ́, èrò ọkàn ara rẹ̀ ni ó kọ sílẹ̀. Ìtẹ̀jáde kejì, ní 1989, pa òfin náà rẹ́.

Ìjà kejì jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ìran. Ìwé eré náà ka àwọn ẹ̀dá kan, bí orc, sí ẹni ibi láti ìbí. Àwọn kan ní orc kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà a kò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn dáhùn pé irú ọ̀rọ̀ tí a fi ń tàbùkù ènìyàn gidi ni a fi ń ṣàpèjúwe wọn. Ní oṣù kẹfà 2020, Wizards of the Coast, tí ó ti ra TSR ní 1997, gbà pé òótọ́ ni. Ní 2022 ó kéde pé òun yóò yọ ọ̀rọ̀ náà, ìran, kúrò; ìwé 2024 sì fi irú ẹ̀dá rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé kò lè parí ìjà ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ká ní ẹnì kan fẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn òun kó ará abúlé lẹ́rú, tí ìtàn ẹrú sì wà nínú ìdílé ẹni tí ó jókòó tì í, ta ni yóò dákẹ́ fún ẹnìkejì? Ní 2013, John Stavropoulos gbé káàdì kan kalẹ̀ tí a kọ X sí. Àárín tábìlì ni ó máa ń wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn yóò fọwọ́ kàn án, a ó sì fo ibẹ̀ láìbèèrè ìdí. Àwọn kan ń ráhùn pé káàdì yìí ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni pé ó lè dá ọ̀rọ̀ dúró, kò lè yanjú rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń jókòó sọ ohun tí wọn yóò fàyè gbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀: igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Nígbà tí ẹnì kan bá fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn pé ó mú ìṣèlú wọ ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀, kí a kọ́kọ́ ka òfin ibẹ̀, kí a sì bèèrè ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.