Àṣírí Tí Dorothy Kò Sọ Fún Àwọn Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Ní oṣù kìíní ọdún 1924, obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọkùnrin kan. Kì í ṣe orúkọ ọmọ nìkan ló gbé pamọ́ sínú, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé pamọ́, ó sì pa àṣírí yìí mọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n títí ó fi kú. Dorothy L. Sayers ni obìnrin náà ń jẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tú àṣírí àwọn èèyàn inú ìwé síta. Ti ara rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò rí tú.

Ọdún 1912 ni Dorothy wọ Somerville, kọ́lẹ́jì àwọn obìnrin ní Oxford, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1879. Nígbà náà, obìnrin lè kàwé ní Oxford, ó lè ṣe ìdánwò, ó sì lè yege ju ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní fún un ní oyè. Dorothy parí ní 1915, ó gba ipò kìíní nínú èdè Faransé, ó sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Oṣù kẹwàá ọdún 1920 ni yunifásítì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀wù oyè fún obìnrin, òun náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. (Ọmọ Èkó kan, Kofoworola Moore, tí a wá mọ̀ sí Lady Ademola, gba oyè tiwọn ní Oxford ní 1935, àwọn sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.)

Ní Somerville, Dorothy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọn a máa pàdé nínú yàrá ara wọn, kálukú a ka ohun tó kọ, àwọn yòókù a sì sọ ibi tó dùn àti ibi tí kò dán mọ́rán. Dorothy ló fún ẹgbẹ́ náà lórúkọ, Mutual Admiration Society, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin ara wọn. Ohun tí ayé yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ wọn ni wọ́n yáa fi sọ ara wọn. Muriel St. Clare Byrne wà níbẹ̀, Dorothy Rowe wà níbẹ̀, Charis Barnett náà wà níbẹ̀. Ìfẹ́ wọn kò parí sí kọ́lẹ́jì. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà tí Muriel àti Dorothy tún jókòó kọ eré orí ìtàgé kan pọ̀.

Èmi náà ti gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rí. A jọ ń mu gàrí nínú abọ́ kan náà, a jọ ń wọ aṣọ ara wa, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa ọ̀rẹ́ mi títí di ọjọ́ tí ó di ẹrù rẹ̀ tó lọ, tí kò sì sọ ìdí. Bóyá nítorí rẹ̀ ni ìtàn Dorothy ṣe ń dùn mí.

Ní 1923, Dorothy ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní London, ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọdún yẹn náà ló lóyún. Ọkùnrin tó fún un lóyún ti ní ìyàwó nílé. Bàbá Dorothy jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ojú tí wọ́n sì fi ń wo ọmọ àlè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà burú jáì. Bí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́, iṣẹ́ lè bọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ nílé, orí bàbá àti ìyá kò ní lè gbé òkè mọ́ láàárín ìjọ. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ́dọ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá ràn án lọ́wọ́? Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò ní rò. Ìyàwó ọkùnrin náà gan-an ló bá a wá ibi tí yóò bímọ sí, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ náà, níbi tí ojú kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹnì kejì ni Ivy Shrimpton, ìbátan rẹ̀, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gba ọmọ olọ́mọ tọ́. Dorothy kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń wá alágbàtọ́ fún. Ìgbà tí ọmọ ti dáyé ló jẹ́wọ́ pé tòun ni. Ivy gba ọmọ náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí òun náà fi kú.

Ẹ wá wo ohun tó ń ká mi lára. Charis, ọ̀rẹ́ kọ́lẹ́jì, ti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó ti gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin ní Faransé nígbà ogun. Bí a bá ní ká wá ẹni tí aboyún lè sá tọ̀ lọ, tani ìbá tún ju u lọ? Dorothy kò sọ fún un. Kò sọ fún Muriel. Àwọn tó ti gbọ́ gbogbo ewì rẹ̀, títí kan èyí tí kò dára, kò gbọ́ èyí. Àwọn kan lè sọ pé kò fọkàn tán wọn. Èmi kò gbà. Mo rò pé iyì tó ní lójú wọn ló ń dáàbò bò. Ìbátan lè rí ìhòòhò ẹni kí ó sì gbé aṣọ bò ó, torí ẹ̀jẹ̀ kan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́, àwa la yàn án, òun náà ló yàn wá, ẹ̀rù a sì máa bani pé kí ó má yí ìyàn rẹ̀ padà.

Ní 1935, ọdún tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ó gbé ìwé Gaudy Night jáde. Kọ́lẹ́jì àwọn obìnrin ní Oxford ló dá lé. Ẹnì kan ń kọ lẹ́tà èébú aláìlórúkọ kiri, ó ń dáná sun ẹ̀wù oyè, ó ń ba iṣẹ́ ìwádìí jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan pa ara rẹ̀. Wọn kò pa ẹnì kan nínú ìwé náà, síbẹ̀ jìnnìjìnnì rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìwé apànìyàn lọ, torí obìnrin tó ń jẹun pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn. Ní ìparí, opó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló jẹ̀bi. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó fi ìwé ẹ̀rí kan pamọ́ nítorí pé ó tako iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ obìnrin náà tú u fó, ayé ọkùnrin náà bàjẹ́, ó sì pa ara rẹ̀.

Ìdájọ́ ìwé náà ni pé òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́, ì báà ṣe nítorí ọkọ, ì báà ṣe nítorí ọmọ. Ẹni tó kọ ọ́ sì ní ọmọ ọdún mọ́kànlá kan níta, tó ń pè é ní ìbátan. Àgàbàgebè? Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó mọ bí àṣírí ti wúwo tó nìkan ló lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ n kò lè torí ìyẹn gbà fún un pátápátá, torí ọmọ náà kò sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti ṣe ìpinnu.

John Anthony dàgbà, ó kàwé dáadáa, ó sì wọ kọ́lẹ́jì Balliol ní Oxford, ìlú kan náà tí ìyá rẹ̀ ti kàwé. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, tó wá nítorí ìwé ìrìnnà, ló fi mọ ìyá tó bí i. Dorothy kú ní oṣù kejìlá ọdún 1957, ó sì fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n fún ogójì ọdún ó lé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó bímọ rí.