Òru Nínú Ilé Ìwòsàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ní Kìṣí, ní ìhà àríwá Òkè-Ògùn, bí ó ti rí nìyẹn kí iná mọ̀nàmọ́ná tó dé: bí a bá ti pa fìtílà, òkùnkùn a bo ìjòyè, a sì bo aláìsàn lórí ẹní. Àwọn oníṣègùn wa pẹ̀lú mọ iyì oorun. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Ewé yìí a máa mú ara rọlẹ̀, a sì máa fa oorun.

Wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, níbi tí a ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kò tíì pẹ́ láyé. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló bí i ní Copenhagen ní 1952, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń fi ọwọ́ fún èémí sínú aláìsàn tọ̀sán-tòru. Ní 1953, Bjørn Ibsen dá irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ ké bí èémí bá fẹ́ já. Báyìí ni wọ́ọ̀dù náà ṣe pàdánù òru.

Ní 1958, Aaron Lerner ní Yale yọ melatonin jáde láti inú ọpọlọ màlúù; ọ̀rọ̀ awọ ara ló ń wádìí. Òkùnkùn ní í mú èròjà yìí sun sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1980, Alfred Lewy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ líle ń dá a dúró lára ènìyàn. Aláìsàn tí kò rí òkùnkùn, tí kò sì sùn, lè di ẹni tí ń sọ kántankàntan, tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Àwọn dókítà wá rò pé bí a bá fún un ní melatonin, ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ní Ọsirélíà, wọ́n dán an wò lára aláìsàn tó lé ní 800. Èsì tó jáde ní 2022 fi hàn pé kò dín ìdàrúdàpọ̀ ọkàn kù.

Kò yani lẹ́nu. Akéde òru ni melatonin, kì í ṣe òru fúnra rẹ̀. Ní 1859 ni Florence Nightingale ti ya orí kan sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ fún ariwo tó ń pa aláìsàn lára. Kí a dín iná kù, kí a rẹ ohùn sílẹ̀, kí a kó iṣẹ́ òru pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí a má baà jí aláìsàn nígbà gbogbo: owó kékeré ni èyí ń ná wa. Ó yẹ kí ẹni tí a gbé láti Kìṣí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn bá òru níbẹ̀.